Otis Taylor àti ẹnu ọ̀nà Canton: ìdí tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ahánbọ́ọ̀lù kò fi tíì tán

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà máa ń pé jọ sí ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí Pro Football Hall of Fame, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn akọni eré náà, ti wà láti ọdún 1963. Wọ́n máa ń wá wo àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀wù aláwọ̀ wúrà wọ̀, tí wọ́n sì ń ṣí aṣọ lójú ère idẹ tí wọ́n fi àwòrán orí wọn ṣe. Ayẹyẹ náà wúni lórí, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí kì í dun àwọn kan, nítorí pé orúkọ tí wọn kò pè máa ń pọ̀ ju èyí tí wọ́n pè lọ. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àríyànjiyàn náà ti gbóná sí i lórí àwọn ahánbọ́ọ̀lù ayé àtijọ́, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè ní wide receiver, tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kí òfin eré náà tó yí padà ní ọdún 1978. Nínú gbogbo wọn, ẹni tí mo rò pé ìtàn rẹ̀ lè là wá lóye jù lọ ni Otis Taylor, tó fi sáà 11 gbá bọ́ọ̀lù fún Kansas City Chiefs, tó sì kú ní oṣù kẹta ọdún 2023, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, láì gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ òun ní Canton.

Iṣẹ́ ahánbọ́ọ̀lù kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ ṣòro láti ṣe. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò gbéra láti ẹ̀gbẹ́ pápá, yóò sáré gba ọ̀nà tí òun àti quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò já adílémú tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn sílẹ̀, yóò sì hán bọ́ọ̀lù tí quarterback jù láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn tó bá hán an tán, iṣẹ́ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí pé ọkùnrin tó tóbi tó o, tó sì yára bíi tirẹ̀, ń bọ̀ wá gbé e lulẹ̀. Iṣẹ́ kejì yìí ni Taylor mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n bí i ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ọdún 1942. Ìlú náà kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, nítorí àwọn ará ilé wa tó ń gbé níbẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n Houston ayé ìgbà náà jẹ́ ìlú tí aláwọ̀ dúdú kò ti lè bá ọmọ òyìnbó jókòó ní kíláàsì kan náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ńláńlá ní Gúúsù Amẹ́ríkà kì í sì í gba ọmọ dúdú sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Prairie View A&M, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò jìnnà sí Houston, ni Taylor lọ. Àwọn oníròyìn ńlá kì í sábà débẹ̀, síbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà kan náà ló tún mú Ken Houston jáde, adílémú tó padà wọ Gbọ̀ngàn Canton ní ọdún 1986.

Ìgbà tí Taylor ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bọ́ sí àkókò tí líìgì méjì ń bára wọn jìjàdù. NFL ni àgbà, AFL ni àbúrò tó bẹ̀rẹ̀ eré ní ọdún 1960 lábẹ́ Lamar Hunt, ẹni tó ni Chiefs. Líìgì méjèèjì ń du àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù, owó sì ń ròkè. NFL tilẹ̀ máa ń rán àwọn ènìyàn láti mú àwọn ọmọ náà pamọ́ sí ilé ìtura títí wọn yóò fi buwọ́ lùwé, kí AFL má baà rí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Taylor sí ilé ìtura kan nítòsí Dallas. Lloyd Wells, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún Chiefs, tó sì ti mọ Taylor láti kékeré ní Houston, ló tọpa rẹ̀ débẹ̀. Ní òru, Taylor gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn jáde, wọ́n sì gbé e lọ sí Kansas City. Àwọn ènìyàn máa ń fi ìtàn yìí pa ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ lágbára ju ẹ̀rín lọ. AFL àti Chiefs pàápàá ti rí i pé ọrọ̀ wà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú tí àwọn mìíràn kò kà sí. Ní ọdún 1963, nígbà tó kan Chiefs láti kọ́kọ́ yan agbábọ́ọ̀lù tuntun nínú gbogbo AFL, Buck Buchanan láti Grambling ni wọ́n mú, irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Taylor ga tó ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íńṣì mẹ́ta, ara rẹ̀ sì wúwo ju ti ọ̀pọ̀ ahánbọ́ọ̀lù ìgbà náà lọ, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ti ẹni tó fúyẹ́. Ní sáà rẹ̀ kejì, ọdún 1966, ó hán bọ́ọ̀lù 58, ó sì fi wọ́n kó yáàdì 1,297 jọ. Tí a bá pín in, ó lé ní yáàdì 22 fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọdún náà ni Chiefs lọ sí Super Bowl àkọ́kọ́, ìyẹn àṣekágbá láàárín ẹni tó borí ní AFL àti ẹni tó borí ní NFL, tí Green Bay Packers nà wọ́n ní 35 sí 10, ẹnu sì pọ̀ pé àwọn ọmọ AFL kò tíì tó ẹni tí í bá àgbà jìjàkadì.

Ọdún 1969 ni wọ́n fi èsì sí i. Ní oṣù kejìlá, Chiefs lọ bá New York Jets, tó gba Super Bowl ọdún tó ṣáájú, ní pápá Shea tí afẹ́fẹ́ líle ti ń fẹ́. Góòlù dọ́gba ní 6 sí 6 ní ìdá kẹrin eré, nígbà tí Len Dawson, quarterback Chiefs, ju bọ́ọ̀lù kan sí Taylor tó gbé e lọ ní yáàdì 61. Ìjù tó tẹ̀lé e, sí Gloster Richardson, ni touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá, tó mú Chiefs borí ní 13 sí 6. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, Richardson ni wọ́n kọ ayò náà sí. Ẹni tó wo eré mọ ẹni tó la ọ̀nà.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1970, ní pápá Tulane ní New Orleans, níbi tí Chiefs ti kojú Minnesota Vikings nínú Super Bowl kẹrin. Vikings ni gbogbo ènìyàn rò pé yóò borí. Ní ìdá kẹta eré, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba touchdown kan tó sọ ọ́ di 16 sí 7, agbára sì ti ń padà sí wọn lára. Dawson gba bọ́ọ̀lù, àwọn Vikings ya bò ó, kò sì sí àyè láti dúró wo ọ̀nà jíjìn. Ó ju bọ́ọ̀lù kúkúrú sí apá ọ̀tún, ìjù tí kò ju yáàdì mélòó kan lọ, irú èyí tí ó bá mú yáàdì márùn-ún tàbí mẹ́fà wá, inú olúkúlùkù yóò dùn. Taylor hán an, ó sì kọjú sẹ́yìn sí ibi tí ó ń lọ. Earsell Mackbee, adílémú Vikings, ti dì mọ́ ọn kó tó yí ara dáadáa. Taylor fi ara gbọn, ó yí, Mackbee sì bọ́ sílẹ̀. Ó gba etí pápá lọ, bọ́ọ̀lù wà ní abíyá, orúnkún ń ga sókè. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ilé, Karl Kassulke nìkan ló kù níwájú rẹ̀. Taylor fi ọwọ́ tì í lórí, ó sì kọjá. Yáàdì 46 ni gbogbo rẹ̀. Eré parí ní 23 sí 7, kò sì sí ẹni tó tún gba ayò kankan lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ti wo fọ́nrán yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kan ló sì máa ń gbà mí lọ́kàn: ìjù náà kò jẹ́ nǹkan kan títí ó fi dé ọwọ́ Taylor. Dawson ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ lọ́jọ́ náà, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ ẹni tó bá ń bi mí ohun tí ahánbọ́ọ̀lù ńlá jẹ́, fọ́nrán yẹn ni màá fi hàn án kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa iye yáàdì.

Iye yáàdì gan-an sì ni gbòǹgbò àríyànjiyàn yìí. Nígbà tí Taylor fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà 1975, bọ́ọ̀lù 410 ló ti hán, yáàdì 7,306 ló kó jọ, touchdown 57 ló sì fi ọwọ́ hán. Ọ̀dọ́ tó bá ń wo bọ́ọ̀lù òde òní yóò ka iye yìí, yóò sì kọjá lọ, nítorí Jerry Rice hán bọ́ọ̀lù 1,549 fún yáàdì 22,895, Calvin Johnson sì fi sáà kan ṣoṣo, ọdún 2012, kó yáàdì 1,964 jọ. Ìṣirò tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe nìyẹn láì kọ́kọ́ béèrè irú eré tí olúkúlùkù gbá.

Ní ayé Taylor, eré 14 ni sáà kan. Ó di 16 ní ọdún 1978, ó sì di 17 ní ọdún 2021. Ìyẹn kéré nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó tóbi jù ni pé ní ọ̀pọ̀ ọdún kí 1978 tó dé, adílémú lè máa ti ahánbọ́ọ̀lù, kó máa gbá a láyà, kó máa dí i lọ́nà jálẹ̀ pápá, níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù kò bá tíì kúrò lọ́wọ́ quarterback. Ahánbọ́ọ̀lù kì í sáré lásán, ìjàkadì ló ń jà kó tó dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Ní ọdún 1978 ni NFL ṣòfin pé tí ahánbọ́ọ̀lù bá ti kọjá yáàdì márùn-ún, kí adílémú má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́. Ọdún náà kan náà ni wọ́n gba àwọn tó ń dáàbò bo quarterback láyè láti na ọwọ́ wọn, kí quarterback lè rí àsìkò sí i. Láti ìgbà náà ni iye yáàdì ti ń ga sókè bí omi òjò. Bákan náà, Hank Stram, akọ́nimọ̀ọ́gbá Chiefs, fẹ́ràn kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù sáré ju kí wọ́n máa jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Taylor fi ń dènà fún àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 1971 nínú ìmọ́lẹ̀ yìí. Yáàdì 1,110 tí Taylor kó jọ ló ga jù lọ nínú gbogbo NFL, tí AFL ti dara pọ̀ mọ́ nígbà náà. Paul Warfield ti Miami, tó ti wà ní Canton láti ọdún 1983, ní 996 lọ́dún náà. Tí ẹni tó ga jù lọ láyé kan kò bá ju 1,110 lọ, àwọn ojúgbà rẹ̀ ló yẹ ká fi wọn iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn olùdìbò Canton fúnra wọn ti gba òye yìí fún àwọn mìíràn. Lynn Swann ti Pittsburgh hán bọ́ọ̀lù 336 fún yáàdì 5,462, wọ́n sì gbà á wọlé ní ọdún 2001, nítorí ohun tó ṣe nínú àwọn àṣekágbá ńlá. Bob Hayes, tó gba wúrà eré sísá mítà 100 ní Olympics Tokyo ní ọdún 1964, hán 371 fún yáàdì 7,414. Drew Pearson ti Dallas hán 489 fún 7,822, ó sì wọlé ní ọdún 2021. Mi ò sọ pé àwọn yìí kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n tó o jàre. Ohun tí mò ń sọ ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n, tí a bá gbé e lé Taylor, yóò gbà á.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tako o, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Sáà Taylor kò dọ́gba. Ní ọdún 1968 tí ara rẹ̀ kò dá, bọ́ọ̀lù 20 péré ló hán. Lẹ́yìn ọdún 1972, Chiefs bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn, òun náà sì ń dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù Canton máa tàn fún ọdún mẹ́wàá gbáko láì ṣíwọ́ yóò rí ibi tó ti lè di ẹnu mú. Lójú tèmi, ibi tí iná rẹ̀ ga dé kọjá ibi tó ti rọlẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń yá àwọn ènìyàn lára láti sọ, òun ló sì wúwo jù: àwọn ọkùnrin náà ń kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kú ní àlàáfíà. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni àìsàn Parkinson àti àrùn ìgbàgbé ti mú Taylor. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kú, orí ibùsùn ló wà, tí ìyàwó rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ìkókó. Ní ọdún 2012, ẹbí náà pe NFL lẹ́jọ́, wọ́n ní ìgbákúùgbá tó gbà lórí nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló fa àìsàn náà.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà nídìí bí ayé ṣe wá lóye irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bennet Omalu, dókítà tó kàwé ní Enugu kó tó lọ sí Amẹ́ríkà, ló yẹ ọpọlọ Mike Webster wò ní Pittsburgh lẹ́yìn tí Webster, agbábọ́ọ̀lù Steelers tẹ́lẹ̀, kú ní ọdún 2002. Ó rí àmì àrùn tí wọ́n ń pè ní CTE, èyí tó máa ń ti ara kí orí máa gbá lemọ́lemọ́ wá, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. NFL kọ́kọ́ ta kò ó gidigidi. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn ìsanwó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, nínú àdéhùn náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà díwọ̀n bí làákàyè ẹnìkan ṣe ti dínkù tó máa ń gbà pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò mú tó ti òyìnbó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó ṣòro fún aláwọ̀ dúdú láti fi hàn pé nǹkan ti bàjẹ́ lára òun. Lẹ́yìn tí agbábọ́ọ̀lù méjì tẹ́lẹ̀, Kevin Henry àti Najeh Davenport, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 2020 ni NFL tó gbà láti fi í sílẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní Amẹ́ríkà, tí àwọn orúkọ bíi Ogunleye àti Ayanbadejo sì ti wà lẹ́yìn ẹ̀wù NFL tipẹ́, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ará ibòmíràn nìkan.

Ikú wọn náà ló sọ ìlànà Canton di ohun tó ń dun ni. Bob Hayes kú ní ọdún 2002, wọ́n sì gbà á wọlé ní 2009. Mac Speedie, tó hán bọ́ọ̀lù fún Cleveland Browns lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kú ní 1993, ó wọlé ní 2020. Cliff Branch ti Raiders kú ní 2019, ó wọlé ní 2022. Àwọn ẹbí ló bá wọn ṣí aṣọ lójú ère.

Ìlànà náà rèé. Agbábọ́ọ̀lù yóò kọ́kọ́ dúró fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó bá fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀ yóò wà láàárín ti àwọn ojúgbà rẹ̀. Tí ó bá pé ọdún 25 tó ti kúrò lórí pápá tí wọn kò tíì mú un, yóò bọ́ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, níbi tí orúkọ ti pọ̀ bí iyanrìn. Láti ìdìbò ọdún 2025, wọ́n yí i padà sí èyí tó tún le sí i: àgbà mẹ́ta, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, àti ẹnìkan tó ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè eré náà yóò jọ wà lórí ìwé kan, olùdìbò kọ̀ọ̀kan yóò mú mẹ́ta nínú márùn-ún, ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní ìdá 80 nínú 100. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Tí olùdìbò bá jẹ́ 50, ìbò 150 ló wà nílẹ̀. Kí ẹni mẹ́ta tó lè wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ kó 120 nínú rẹ̀, kí àwọn méjì tó kù wá pín 30. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe. Lọ́dún àkọ́kọ́ ìlànà náà, Sterling Sharpe, ahánbọ́ọ̀lù Green Bay, nìkan ló wọlé nínú àwọn márùn-ún. Àwọn mẹ́rin yòókù padà sílé, tó fi mọ́ Jim Tyrer, tí òun àti Taylor jọ gba Super Bowl.

Mo mọ̀ pé Canton kò fẹ́ kí iyì rẹ̀ já bọ́ nípa gbígba ẹni púpọ̀ wọlé, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tọ̀nà kí àgbà tí ìtàn rẹ̀ ń parẹ́ máa du àyè pẹ̀lú akọ́nimọ̀ọ́gbá tí gbogbo ènìyàn ṣì mọ̀ lójú. Àwọn tó lè jẹ́rìí sí ohun tí Taylor ṣe ń dínkù: Len Dawson, tó ju bọ́ọ̀lù sí i fún ọdún mẹ́wàá ó lé, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, oṣù díẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kí Taylor tó lè wọlé báyìí, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ àgbà mú jáde, kí ènìyàn 40 nínú 50 sì fi ọ̀kan nínú àyè mẹ́ta péré tí wọ́n ní lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ tó já gbà mọ́ Mackbee lọ́wọ́ ti lé ní ẹni 75 ọdún báyìí.